Alhaja Àsúmáù Àwẹ̀ró Adédèjì (1951–2025), Ẹni Tó Ń Béèrè Bóyá Adìyẹ Rí Oòrùn

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ wá bá wa ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ Màmá wa ní Peckham lónìí, Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ẹ kú àdúrótì, ẹ kú wàhálà ọkọ̀, ẹ kú òtútù. Àná ló yẹ ká ṣe é, a sún un kí àwọn tó ń ṣe ṣíìfù níbi iṣẹ́ lè ráàyè wá. Nusaybah, àkọ́bí olóògbé, ni ẹbí ní kó kọ ìtàn yìí. Bí ẹ bá rí ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó ti sunkún, ẹ má bínú sí i, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun fún ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko: kí wọ́n jẹ ẹran láti ṣọ́ọ̀bù Habeebullah, ọmọ wọn ọkùnrin, kí wọ́n tó kú. Ẹ fi sùúrù bá wa ká lọ, a ó dé ibẹ̀.

A bí Alhaja Àsúmáù Àwẹ̀ró ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1951 ní agbo ilé Ẹlẹ́ran, ní Ìwó olódò Ọbà, ìlú odídẹrẹ́. Ẹni tó bá ti gbé fóònù Màmá rí mọ̀ pé kò sí odídẹrẹ́ tó lè bá wọn du ọ̀rọ̀ sísọ. Bàbá wọn ni Alfa Ràímì, àgbẹ̀, tí gbogbo àdúgbò tún máa ń pè láti bá wọn pa àgbò Iléyá. Ìyá wọn ni Ìyá Rábíátù, aláró, tí adìyẹ wọn kì í dín ní ogún nínú ọgbà. Bí Ìyá Rábíátù bá fẹ́ ra adìyẹ lọ́jà, wọn kì í gbé e wò lọ́wọ́ bóyá ó wúwo. Wọ́n á ní kí ẹni tó ń tà á tú okùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kó gbé e sílẹ̀, wọ́n á wá máa wo ìrìn rẹ̀. Adìyẹ tí ìrìn rẹ̀ kò bá dá ṣáká, wọn kò ní rà á. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa wúlò níwájú.

Alfa Ràímì ní òfin méjì tí wọn kì í yẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀kọ́ Ànábì wa ni, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Àkọ́kọ́, a kì í pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran. Èkejì, ẹran kì í ti ọwọ́ wọn kú pẹ̀lú òùngbẹ. Àsúmáù kékeré ló máa ń gbé omi fún àgbò. Ní Iléyá ọdún 1958, nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún méje, àgbò kan kọ̀, kò mu. Wọ́n jókòó tì í pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́, wọ́n sọ fún àwọn àgbàlagbà pé òùngbẹ kò tíì gbẹ ẹ́ ni, kí wọ́n mú sùúrù. Àwọn ìyàwó ilé tó ti gbé ìkòkò kaná ń kùn, ebi ń pa àlejò, ọ̀bẹ dúró, Alfa Ràímì náà dúró. Nígbà tó ṣe, àgbò mu omi. Títí di ìgbẹ̀yìn ayé Màmá, bí wọ́n bá wọ Ìwó, ọ̀rọ̀ àgbò yẹn ni ará ilé máa ń fi kí wọn káàbọ̀.

Màmá ka ìwé ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ansar-Ud-Deen ní Ìwó láti ọdún 1957 sí 1963, lẹ́yìn náà wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ sísè ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1974 wọ́n ṣe yìgì pẹ̀lú Alhaji Yẹ̀kínì Adédèjì, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá sọ gbólóhùn mẹ́ta lójúmọ́, wọ́n ti ṣe àsọjù. Ọlọ́hun mọ ẹni tó ń so pọ̀. Bàbá ló kọ́kọ́ wá sí London, Màmá tẹ̀lé wọn wá ní ọdún 1978. Wọ́n gba fláàtì ní àjà kẹta ní èsítéètì kan ní Peckham, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí Nusaybah sí ní ọdún 1979 àti Habeebullah ní ọdún 1983. Bàbá ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Màmá ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní East Dulwich, wọ́n sì ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún. Àwọn òyìnbó tó ti di bàbá ọlọ́mọ ṣì máa ń dá wọn dúró ní Lordship Lane láti béèrè bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì wọn.

Ó wá ku ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gbé Peckham tí kò mọ adìyẹ líle, èyí tí a máa ń gbé kaná fún wákàtí méjì kí eyín tó lè wọ̀ ọ́. A kò ka adìyẹ rírọ̀ ti àwọn òyìnbó sí ẹran rárá. Màmá àti gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù wọn gbà tọkàntọkàn pé ohun tó mú adìyẹ líle le ni pé ó ti rìn, pé ó ń fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ kiri bíi ti àwọn adìyẹ Ìyá Rábíátù. Màmá tiẹ̀ máa ń fi fọ́nnu fún àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná. Wọ́n á ní adìyẹ tiyín, orí ibùsùn ló dàgbà sí. Tiwa, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rin ayé.

Ní oṣù Keje ọdún 1996, ẹgbẹ́ àsàlátù fẹ́ se oúnjẹ Máólúdì. Wọ́n ní dípò kí àwọn ra adìyẹ inú páálí ní ọjà Rye Lane, kí àwọn gbé ọkọ̀ lọ sí oko kan ní Kent, kí àwọn fi ojú ara wọn yan ọgọ́ta. Màmá ni wọ́n fi ṣe olórí, nítorí wọ́n mọ adìyẹ yàn. Ohun tí Màmá bá níbẹ̀ ni ilé pẹrẹsẹ kan tí kò ní fèrèsé, àgò onírin tí wọ́n tò lé ara wọn lórí, àti adìyẹ márùn-ún márùn-ún nínú àgò tí kò tó ibi tí ẹnìkan lè tẹ́ aṣọ ìkírun sí. Ìyẹ́ ti bọ́ lára wọn. Màmá ṣe bí ìyá wọn ti í ṣe, wọ́n mú ọ̀kan jáde, wọ́n gbé e sílẹ̀ lórí koríko, kí wọ́n lè wo ìrìn rẹ̀. Adìyẹ náà kò rìn. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo koríko. Màmá mú òmíràn, wọ́n gbé márùn-ún sílẹ̀ lápapọ̀, kò sí èyí tó mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ṣe nínú wọn. Adìyẹ tó ti yé ẹyin títí tó fi gbó ni wọ́n, ọjọ́ orí ló mú ẹran wọn le, kì í ṣe ìrìn. Ọdún méjìdínlógún ni Màmá ti ń jẹ adìyẹ tí kò rìn rí, tí wọ́n sì ń yangàn lé e lórí.

Ẹgbẹ́ ra ọgọ́ta wọn, Màmá kò sì dá wọn lẹ́kun. Ó dun Màmá pé wọ́n dákẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún wa títí di ọdún yìí. Ṣùgbọ́n márùn-ún tó wà lórí koríko yẹn, itan Màmá ni wọ́n jókòó lé dé Peckham, láàyè. Bàbá ṣílẹ̀kùn, wọ́n wo adìyẹ, wọ́n wo ìyàwó wọn, wọ́n béèrè bóyá torí kí àwọn lè wá sin adìyẹ ni àwọn ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú. Gbólóhùn kan péré lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá lọ ra àgbàdo.

Orí bálíkónì ni wọ́n kó wọn sí. Nísàlẹ̀ tààrà ni Mummy Agnes ń gbé, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ní Brockley. Ní Sátidé àkọ́kọ́, Mummy Agnes sá sùtánà wọn sórí bálíkónì tiwọn, adìyẹ sì ṣe ohun tí adìyẹ máa ń ṣe. Mummy Agnes gbé sùtánà lọ́wọ́, wọ́n gun òkè wá láti wá jà. Wọ́n bá Màmá lórí ìkúnlẹ̀, tí wọ́n ń da ìrẹsì sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń bẹ adìyẹ pé kó gbé ẹsẹ̀ kan. Mummy Agnes ní àwọn kò mọ ìgbà tí àwọn jókòó tì wọ́n. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, èyí tí Màmá ń pè ní Sísí dìde, ó sì fi ẹsẹ̀ tú iyẹ̀pẹ̀ inú páànù. Àwọn obìnrin méjèèjì sunkún, Bàbá sì ní inú àwọn dùn. Mummy Agnes wà lórí ìjókòó iwájú lónìí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi bá Màmá rìn, wọ́n ṣì ń béèrè ta ló máa fọ sùtánà yẹn.

Káńsù kọ̀wé pé adìyẹ kò gbọdọ̀ gbé àjà kẹta. Màmá kọ ọ́ pa dà pé òótọ́ ni wọ́n sọ, àwọn adìyẹ náà gbà bẹ́ẹ̀, ibo ni ká kó wọn lọ? Bí wọ́n ṣe rí ọgbà kékeré kan yá nítòsí Peckham Rye nìyẹn, ibi tí ọ̀pọ̀ yín ti wá jẹ ẹyin. Ní ọdún 1997 Màmá dá Ẹgbẹ́ Ẹran Tó Rí Oòrùn sílẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ méjì fún ọdún méjì, Alhaja kan àti Mummy onísùtánà kan, tí wọ́n ń dúró ní Rye Lane ní gbogbo Sátidé, tí wọ́n ń pín ìwé pélébé fún èrò. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú ìwé náà, tí a ní kí ẹnikẹ́ni bi alápatà kó tó ra ẹran: Ṣé ó rí oòrùn? Ṣé ó rìn? Ṣé ó mumi kó tó kú? Àwọn alápatà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn máa ń wọ inú yàrá yìnyín lọ tó bá ti rí ìborùn Màmá lókèèrè. Lọ́jọ́ kan Màmá fa àga, wọ́n jókòó dè é. Òtútù ló lé e jáde, ó sì dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Màmá kì í jẹ ẹran. Wọ́n fẹ́ràn itan adìyẹ dénú. Ní ọdún 1999 àwọn òyìnbó tó ń jà fún ẹran ọ̀sìn pè wọ́n sí ìpàdé ní àárín London, ẹ̀wà àti ewé ni wọ́n gbé kalẹ̀. Màmá dúpẹ́, wọ́n ṣí àpò, wọ́n mú itan dídín jáde. Wọ́n ní kí ará ìpàdé fọkàn balẹ̀, adìyẹ yìí ní orúkọ, inú oòrùn ló gbé, ó sì dùn. Èèyàn méjì jáde. Bàbá òyìnbó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jabez tẹ̀lé wọn wá sí Rye Lane ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó sì di ọmọ ẹgbẹ́ kẹta.

Nínú ẹ̀sìn, Màmá kò fi ìrun ṣeré. Wọ́n ṣe Hájì ní ọdún 2003, àwọn tí wọ́n jọ lọ sì jẹ́rìí pé wọ́n fi ọwọ́ júwe títí ẹni tó ń ta àgbò fi gbé omi wá. Lẹ́yìn Hájì ni wọ́n gba àyè lọ́wọ́ Imáàmù láti bá ìjọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun. Wọ́n ní àwọn àgbà máa ń wí pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àwọn adìyẹ tí àwọn rí ní Kent kò ní ìyẹ́ lára mọ́, nítorí náà àwa la kò fẹ́ mọ̀. Láti ọdún 2004 ni mọ́ṣáláṣí wa ti ń rán ènìyàn méjì lọ wo oko kí a tó ra àgbò Iléyá. Nígbà tí òfin fi òpin sí àgò onírin àtijọ́ ní ọdún 2012, a ní kí Màmá wá ká yọ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé àgò tuntun wà tó kàn fẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ, kí a gbé ìwé pélébé wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ Habeebullah. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́ síbí. Ní ọdún 2009 ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹran ní Rye Lane. Àwọn àlùfáà ti ṣe àdúà, gbogbo wa ti ṣe àmín, ni Màmá bá bi ọmọ wọn ní ìbéèrè mẹ́ta, lójú gbogbo èèyàn. Habeebullah wo páálí adìyẹ líle tó tò sílẹ̀. Màmá ṣàdúà fún un, wọ́n fi ọwọ́ pa á lórí, wọ́n sì lọ sílé láì ra nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà ni adìyẹ ti bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Gbogbo Sátidé ni Màmá ń yà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á nu gíláàsì, wọ́n á jókòó, wọ́n á bi Habeebullah bóyá ó ti jẹun, wọ́n á sì jáde lọ pín ìwé ní òdìkejì títì. Habeebullah ní bí òun kò bá ta ohun tí èrò ń béèrè, wọ́n á lọ rà á níbòmíràn. Lọ́jọ́ kan inú bí i, ó ní ìyá gbogbo ayé ló ń ra ẹran lọ́wọ́ òun, àfi ìyá òun. Lórí aṣọ ìkírun lálẹ́ ni a ti gbọ́ èsì Màmá, tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́hun pé kó má jẹ́ kí àwọn kú láì jẹ ẹran láti ṣọ́ọ̀bù ọmọ àwọn. Bàbá wa fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2014. Nínú gbólóhùn mẹ́ta tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn, ọ̀kan ni pé kí ìyá àti ọmọ yanjú ọ̀rọ̀ adìyẹ yìí. Ọdún mọ́kànlá kọjá lé e, a kò rí i yanjú.

Nínú oṣù Kẹjọ ọdún yìí, àìsàn ọkàn gbé Màmá dé ọsibítù. Oúnjẹ kò wọ̀ wọ́n lẹ́nu mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, Habeebullah ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Wẹ́sídeè, ohun tí a kò rí rí. Ó tún tì í lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni, àfi pé bàtà rẹ̀ máa ń dọ̀tí. Oko márùn-ún ló dé. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ó ní kí wọ́n gbé adìyẹ kan sílẹ̀ kí òun wo ìrìn rẹ̀, àwọn kan sì fi rẹ́rìn-ín. Ní oko karùn-ún, adìyẹ ti ń rìn lọ kó tiẹ̀ tó sọ̀rọ̀.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá, ó gbé fláásìkì wọ yàrá Màmá. Nusaybah wà níbẹ̀. Màmá gbọ́ òórùn ọbẹ̀, wọ́n béèrè ibi tó ti wá, Habeebullah ní ṣọ́ọ̀bù òun ni. Màmá ní kí a gbé ìrọ̀rí sí àwọn lẹ́yìn. Wọ́n béèrè bóyá ó rí oòrùn. Ó ní ó rí i, ojú òun ló ṣe. Wọ́n béèrè bóyá ó rìn. Ó ní òun sáré lé e kí ọwọ́ òun tó bà á. Wọ́n béèrè bóyá ó mumi kó tó kú. Habeebullah ní ó kọ́kọ́ kọ̀, kò mu, àwọn tó ń dúró de òun ń kùn. Òun sọ fún wọn pé òùngbẹ kò tíì gbẹ ẹ́ ni, kí wọ́n mú sùúrù, òun sì jókòó tì í títí ó fi mu.

Màmá jẹ ẹ́. Eyín wọn kò pé mọ́, wọ́n jẹ ẹyọ kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a kàn ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé e mì, wọ́n ní, "Ó le." Wọ́n na abọ́ sí ọmọ wọn pé kó bu sí i. Habeebullah bu sí i tán, ó jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ọsibítù, ó sì sunkún níwájú gbogbo nọ́ọ̀sì, ẹni ọdún méjìlélógójì. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án, ni Màmá jẹ́ ìpè Ọlọ́hun, a sì sin wọ́n ní Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Wọ́n jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Àwọn tí Màmá fi sáyé lọ ni ọmọ méjì, Nusaybah àti Habeebullah. Ọmọ-ọmọ mẹ́ta, Abdulqoyyum, Yéwándé àti Ayọ̀mípọ̀sí. Àbúrò obìnrin kan ní Ìwó. Mummy Agnes, tí kì í ṣe ẹbí ṣùgbọ́n tó mọ gbogbo àṣírí wa. Àti adìyẹ mọ́kànlá ní Peckham Rye. Bí a bá yọ àwọn adìyẹ kúrò, Màmá kò ní dárí jì wá.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ ká sọ nípa oúnjẹ òní. Àwọn kan nínú yín ti ń wo abọ́ wọn, tí wọ́n ń fẹ́ béèrè. Màmá ló kọ́ yín, ẹ kú iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù Habeebullah ni ẹran náà ti wá, irú rẹ̀ nìkan ló sì ń tà láti ìsinsìnyí lọ. Ó rí oòrùn. Ó mumi. Bí ẹ bá sì rí i pé ó le, ẹ rọra máa jẹ ẹ́. Ó rìn ni.

Àwẹ̀ró, ọmọ Ìwó olódò Ọbà, ìbéèrè yín ti rí ìdáhùn. Kí Ọlọ́hun tan ìmọ́lẹ̀ sí ibojì yín, kó má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ yín lọ́hùn-ún, kó fi Àljánnà ṣe ilé yín. Ẹ sùn un re, Màmá.